Wọ́tàkọ́lọ̀, páànù àti àdìrẹ: iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí òrùlé Ìbàdàn

ỌmọÒkèMápó kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí, ọdún àṣekágbá ni mo wà. Àwọn àwòrán tí mo fẹ́ gbé síwájú àwọn olùyẹ̀wò ti ń parí lọ. Mo fẹ́ rò ó pẹ̀lú yín kí n tó lọ dúró níwájú wọn, torí bí mo ṣe ṣe é ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa.

Òrùlé Ìbàdàn ni mò ń yà. Ẹni tó bá ti dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó rí, tó wo apá Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, á mọ ohun tí mò ń sọ. Páànù ni títí ibi tí ojú lè ríran dé. Òmíràn ti pọ́n, òmíràn ti dúdú, òmíràn ti jẹ títí ó fi lu. Láàárín wọn lẹ á wá rí ẹyọ kan tó ń dán yinrin: ilé tí ọmọ kan ti fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ òrùlé bàbá òun.

Wọ́tàkọ́lọ̀, ọ̀dà tí a ń fi omi pò, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò lè lo ọ̀dà òróró o. Omi ló ń sọ páànù di bó ṣe dà, mo sì fẹ́ kí omi náà bá mi yà á. Àwọ̀ méjì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: burnt sienna tó pọ́n, àti ultramarine, búlúù tó jinlẹ̀. Tí mo bá ti fi omi rin bébà, màá fi sienna sí i, màá kan búlúù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó gbẹ, màá sì gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ultramarine ní hóró. Á máa rì sínú àwọn kòtò kéékèèké ojú bébà, sienna á máa ṣàn yí i ká. Tó bá fi máa gbẹ, ìpẹtà ti dé, ọwọ́ mi ò sì sí níbẹ̀.

Ohun tó le ni funfun. Nínú ọ̀dà òróró, ibi tó bá tàn jù lèèyàn sábà ń fi kún un gbẹ̀yìn. Nínú wọ́tàkọ́lọ̀, bébà fúnra rẹ̀ ni funfun. Òrùlé tuntun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, n kò fi nǹkan kan kùn ún. Mo yí i ká ni. Ìyẹn ni pé kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan omi, mo ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mi ò ní dé.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, bébà á ti fa omi mu kí n tó yíwọ́ padà, etí àwọ̀ á le gbagidi. Lásìkò òjò, àwọ̀ á kàn jókòó síbẹ̀, kò ní gbẹ. Bí ẹ̀kán omi kan bá bọ́ sí i, á ti àwọ̀ sẹ́yìn, á sì hu òdòdó tí etí rẹ̀ rí wúruwùru. Èmi fẹ́ràn òdòdó yẹn. Olùkọ́ wa kan ní kí n máa pa á rẹ́.

Apá kejì ni mixed media, ìyẹn ni pé kéèyàn pa oríṣiríṣi ohun èlò pọ̀ nínú iṣẹ́ kan, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Ìró àdìrẹ kan wà nílé tó jẹ́ ti ìyá mi àgbà, ó ti fàya, ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ṣíbí sáàárín òpó sí òpó. Gbọ̀ngàn tí ìjọba ṣí ní 1929 ni àwọn obìnrin sọ di aṣọ ìró! Mo gé lára ibi tó ti ya, mo lẹ̀ ẹ́ sí apá òkè àwòrán. Kì í ṣe pé ẹnì kan wọ̀ ọ́ nínú àwòrán náà. Ojú ọ̀run ni mo fi ṣe, sánmà tó ṣú dẹ̀dẹ̀ sórí àwọn páànù.

Nísàlẹ̀, níbi tí títì àti ojú àgbàrá wà, páànù gidi ni mo lò. Mo fi fínígà rin ègé páànù tó ti dípẹtà, mo tẹ́ ẹ sórí bébà tútù, mo gbé òkúta lé e, ó di ọjọ́ kejì. Ó fi ara rẹ̀ tẹ bébà láìsí ọ̀dà.

Òfin kan ni mo fún ara mi: ohun tí mo bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ àwòrán kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀dà lè ṣe. Owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀, okùn, gbogbo ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lẹ̀ kí iṣẹ́ lè wúwo lójú olùyẹ̀wò, mi ò fi sí i.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní wọ́tàkọ́lọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, pé ìmúrasílẹ̀ fún ọ̀dà òróró ni, pé kí n tún gbogbo rẹ̀ yà sórí kánfáàsì ńlá. Kí lẹ rí sí i? Àti pé báwo ni wọ́n ṣe ń fi férémù sí ohun tí aṣọ wà lójú rẹ̀?

Jagun_Mọ́lété kọ:

Fọ́tò dà? Ẹ ń ròyìn ọbẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa.

ỌmọÒkèMápó kọ:

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà fóònù mi ń sọ búlúù di dúdú, ó ń sọ funfun bébà di yẹ́lò. Màá wá ẹni tó ní kámẹ́rà gidi.

BàbáFérémù kọ:

Ọmọ mi, mo ti ń kan férémù ní Mushin kí wọ́n tó bí ọ. Ìbéèrè tó o bi kẹ́yìn ni tèmi, ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ kọ́.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gíláàsì lé ojú àwòrán rẹ gbọnrangandan. Lásìkò òjò, gíláàsì máa ń làágùn láti inú. Ibi tí bébà bá ti kàn án, á lẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà á bu. Kádíbọọ̀dù tí a gé ojú fèrèsé sí, tí àwa oníférémù ń pè ní mount, òun ló ń jẹ́ kí gíláàsì àti bébà jìnnà síra. Fún tìẹ tí aṣọ tún wà lójú rẹ̀, mount nìkan ò tó. A máa ń fi igi tín-ín-rín sáàárín mount àti gíláàsì, tàbí ká kan férémù tó jìn wọnú. Sọ fún ẹni tó máa kàn án pé kò gbọdọ̀ da gúlúù sẹ́yìn bébà látòkè délẹ̀. Òkè nìkan ni kó ti fi ègé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì gbé e kọ́, nítorí bébà máa ń fẹ̀ lásìkò òjò, á sì sún kì lásìkò ọyẹ́. Tó o bá dè é mọ́lẹ̀ yíká, á ká lọ́lọ́.

Páálí tí wọ́n fi ń di ọjà, má gbà á láti fi ṣe ẹ̀yìn. Asíìdì wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó ń sọ ìwé ìròyìn di rúsúrúsú, á sì ràn mọ́ àwòrán rẹ. Èyí tí kò ní asíìdì wà lọ́jà. Ó wọ́n, àmọ́ ó wà.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ni ti páànù. Irin a máa jẹ bébà. Wọ́n ti gbé ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi tádàwà onírin kọ wá fún mi rí, ibi tí lẹ́tà wà ti di ihò. O tún wá fi fínígà sí i. Ṣé o fọ̀ ọ́?

ÀǹtíAláró_Ìtòkú kọ:

Mo kà á dé ibi tó o ti gé Ìbàdàndùn, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ṣé ìyá rẹ àgbà mọ̀ sí i?

Èmi ń ṣe àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọmọ yìí mú dání. Ojúlówó Ìbàdàndùn, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fà á, ilà kan lẹ́yìn ilà kan, pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ò wá rí i pé ohun tó sọ nípa bébà funfun, tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kò ní dé, àwa ti ń ṣe é tipẹ́. Èyí tó kún ọjà báyìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà ni, kò mọ ojú ìkòkò aró rí. Bí ti ìyá rẹ àgbà bá jẹ́ afọwọ́yà, ibi tó ya nìkan ni kó o gé, kó o ká ìyókù pamọ́.

Ó tún kù. Ní Abẹ́òkúta, páànù ni àwọn ọkùnrin ń gé ọnà sí, tí wọ́n á gbé e lé aṣọ, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ gba orí rẹ̀ kọjá. Nítorí náà páànù àti àdìrẹ tó o rò pé ìwọ lo mú wọn pàdé, ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni wọ́n.

Aró ẹ̀lú máa ń yí ọwọ́, pàápàá tó bá tutù. Fi omi tútù ṣan ègé aṣọ náà títí omi á fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣàn sínú àwọ̀ rẹ. Má sì fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ o, aáyán á fi ṣe oúnjẹ alẹ́.

ỌmọÒkèMápó kọ:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, màmá mi. Ìyá mi àgbà ló fún mi fúnra wọn. Wọ́n ní orí ìkòkò ni aṣọ náà ì bá bá lọ. Afọwọ́yà ni. Mo ti ṣàn án, gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo sì fi lẹ̀ ẹ́, mo fi omi là á díẹ̀.

Bébà tí páànù tẹ̀ náà, mo ti fọ̀ ọ́ léraléra lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó gbẹ dáadáa kí n tó fi àwọ̀ sí i. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ bi yín: ibi tí fínígà ti kan ultramarine lórí bébà ìdánwò, búlúù náà ṣá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ eérú. Sienna ò ṣe nǹkan kan.

TísàỌnà kọ:

Ọmọ mi, ohun tó o rí yẹn tọ́. Ultramarine kò fẹ́ asíìdì rárá. Asíìdì á tú u palẹ̀. Sienna ò ní yí padà nítorí irin ló jẹ́, irin inú erùpẹ̀ tí wọ́n sun. Nítorí náà, kí páànù kọ́kọ́ tẹ bébà, kó o fọ fínígà kúrò tán, kí búlúù tó dé.

Ẹ jẹ́ n fi kún un fún àwọn tí kò mọ̀: búlúù yẹn kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Búlúù ìfọṣọ tí àwọn ìyá wa ń bù sínú omi aṣọ funfun, ultramarine ni. Òun kan náà ni wọ́n fi kun irun ọ̀pọ̀ ère ìbejì tó wà ní mùsíọ́mù káàkiri ayé lónìí.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò sì ní máàkì tí mo fẹ́ fún ọ, torí náà ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Òfin rẹ dára, ṣùgbọ́n o ti rú u. O ní ohun tó o bá lẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀dà lè ṣe. Kí ni ìpẹtà? Irin àti afẹ́fẹ́ àti omi. Kí ni burnt sienna? Irin náà ni. O ti fi ìpẹtà ya ìpẹtà, o tún wá fi ìpẹtà tẹ abẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni. Bí mo bá jẹ́ olùyẹ̀wò, ibẹ̀ ni màá ti mú ọ. Sánmà aláṣọ ni kò sí ẹni tó lè bá ọ jiyàn lé lórí, torí ó mú nǹkan wá láti ibòmíràn. Páànù lórí àwòrán páànù ńkọ́?

Ọ̀ṣun_Lọlà kọ:

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ní Òṣogbo níbí, ṣé ẹnikẹ́ni bi Jimoh Buraimoh bóyá ọ̀dà lè ṣe iṣẹ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ ń ṣe? Òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ni nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kó tó bọ́ sínú iṣẹ́ ọnà. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, ó sì kun ọ̀dà yí i ká. Aṣírù Ọlátúndé jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó mú páànù alumíníọ̀mù, ó fi òòlù lu ìtàn sí i lójú. Adébísí Fábùnmi mú òwú ìhunṣọ. Láti ìgbà tí Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà níbí, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni lẹni ń lò. Òfin pọ̀ jù níléèwé.

TísàỌnà kọ:

Mo mọ gbogbo wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó o sọ dáadáa. Buraimoh kò ya àwòrán tán kó tó wá ìlẹ̀kẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ni àwòrán náà. Yọ ọ́ kúrò, kò sí ohun tó kù. Aṣírù náà, páànù yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni èyí tó kún gbogbo àfihàn akẹ́kọ̀ọ́: àwòrán lásán, tí wọ́n wá da owó ẹyọ sí lórí kí wọ́n lè kọ "mixed media" sára páálí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ará Ifẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ronú lórí èyí. Òkédìjí padà sí erùpẹ̀, ó ń fi àwọ̀ ilẹ̀ ṣiṣẹ́, torí ó ti rí bí àwọn obìnrin ṣe ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣàìkirè n'Ífẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Jagun_Mọ́lété kọ:

Èmi ò mọ̀ nípa sienna. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ẹnì kan á ra pépà?

BàbáFérémù kọ:

Jagun, ìbéèrè yẹn ni àwọn oníbàárà mi náà ń bi: "Ṣé pépà ni?" Tí wọ́n bá ti gbọ́ pépà, owó á já. Tí mo bá ti fi férémù tó dára sí i, tí gíláàsì wà níbẹ̀, wọn kì í béèrè mọ́.

Àbíkẹ́_Peckham kọ:

Ẹ kú àárọ̀ láti London. Àbúrò mi, mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ.

Tó bá jẹ́ pé ìmúrasílẹ̀ ni wọ́tàkọ́lọ̀, kí ni ká pe ehoro tí Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, yà ní 1502? Wọ́tàkọ́lọ̀ ni, ọ̀dà funfun tó ki díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó wà ní mùsíọ́mù Albertina ní Vienna. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, wọn kì í sì í gbé e jáde fún aráyé àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìmọ́lẹ̀. Bébà kékeré ni o, kò fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn kan.

Ní mùsíọ́mù Tate Britain níbí, wọ́n ní yàrá kan tí èèyàn lè kọ̀wé sí kí wọ́n gbé wọ́tàkọ́lọ̀ Turner, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wá sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Mo ti lọ. N kò sanwó. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: ọ̀pọ̀ nínú wọn, òótọ́ ni, ìmúrasílẹ̀ ni, àwọ̀ mẹ́ta tó ṣàn kọjá bébà, kò sí ilé, kò sí igi. Nítorí náà olùkọ́ rẹ kò purọ́ tán. Àmọ́ nínú àwọn yẹn gan-an ni ojú mi dúró sí, mi ò sì rántí kánfáàsì ńláńlá tó wà ní yàrá kejì.

Gbọ́ ti ìmọ́lẹ̀ o. Àwọn mùsíọ́mù kì í jẹ́ kí iná tó ń tàn sí iṣẹ́ orí bébà kọjá 50 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), bí ìrọ̀lẹ́ nínú ilé. Ojú fèrèsé níléèwé yín, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, má gbé e kọ́ síbẹ̀. Sienna àti ultramarine á dúró. Tó o bá ti fi alizarin crimson, àwọ̀ pupa kan, sí ibì kankan, á ṣá. Àdìrẹ náà ò fẹ́ oòrùn.

Ìbẹ̀rẹ̀Pẹ̀pẹ̀ kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bébà mi máa ń ká kóróbótó tí mo bá ti fi omi sí i, ojú rẹ̀ á sì máa ṣí bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ọ̀dà mi ni kò dára?

ỌmọÒkèMápó kọ:

Àbúrò, bébà ni. Ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú lórí bébà tó dára á ṣe é wò. Ọ̀dà tó dára jù lórí kádíbọọ̀dù ilé-ìwé kò ní ṣe é wò. Wò ó bóyá wọ́n kọ 300 gsm, ìyẹn ìwọ̀n bébà tó nípọn, sára rẹ̀, kó sì jẹ́ òwú, kì í ṣe igi. Tí kò bá sówó, ra ẹyọ kan, kó o gé e sí mẹ́rin.

Èyí tó fẹ́lẹ́ náà ṣeé lò tó o bá nà án. Rẹ ẹ́ sínú omi títí á fi rọ̀, tẹ́ ẹ sórí pákó tó tẹ́jú, fi téèpù oníbébà tó ń fi omi lẹ̀ dè é yíká, kó o fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Á le kanpe, kò sì ní ká mọ́. Gígbá lẹ́ẹ̀mejì tó o sọ yẹn ńkọ́, gbá a lẹ́ẹ̀kan, kó o jókòó tì í. Mo mọ̀ pé ó ṣòro.

TísàỌnà kọ:

Fi kún un: gọ́ọ̀mù tó ń di ọ̀dà yẹn mú mọ́ bébà, oje igi akásíà ni. Ó ń jáde ní Sudan, ó sì ń jáde ní Borno àti Yobe tiwa. A ń tà á fún wọn ní gbígbẹ, a wá ń rà á padà nínú túùbù.

ỌmọÒkèMápó kọ:

Ẹ̀yin àgbà, mo ti sùn lé ọ̀rọ̀ Tísà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí n kàn gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní àwọ̀ kan náà ni ìpẹtà páànù àti sienna. Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ àwọ̀ là ń sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ ni mo wá lọ sọ́dọ̀ páànù. Òrùlé ilé kan ní àdúgbò wa ni wọ́n ń tú nígbà tí mo bẹ àwọn káfíńtà kí wọ́n fún mi ní ègé díẹ̀. Ihò ìṣó wà lójú rẹ̀. Ibi tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú dí ihò kí òjò má jò, àmì rẹ̀ ń fi funfun sílẹ̀ lórí bébà, nítorí irin ò rí ọ̀nà jáde níbẹ̀. Ìlà páànù náà kò gún régé, ibi tí igi abẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ló ti rọ̀. Mo lè fi sienna yà gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n màá kàn máa ṣe bí ẹni mọ̀ ni. Òrùlé inú àwòrán mi jẹ́ ti gbogbo Ìbàdàn. Àmì ìsàlẹ̀ yẹn jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo, ilé náà kò sì sí mọ́ bó ṣe wà.

Ibi tí ẹ ti borí mi ni pé mo fi àmì náà ṣe títì àti àgbàrá, bí ẹni pé àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni. Nínú àwòrán méjì tó kù fún mi láti yà, mo ti fi sienna sílẹ̀ pátápátá. Ewé, òkúta, ògiri tó ti di àwọ̀ eérú, ìyẹn ni mò ń fi wọ́tàkọ́lọ̀ yà. Ìpẹtà gidi nìkan ni pupa tó wà níbẹ̀. Mo ń gbé búrọ́ọ̀ṣì yí i ká, bí mo ṣe ń yí funfun ká tẹ́lẹ̀.

TísàỌnà kọ:

Ihò ìṣó yẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ fún wọn. Àwa olùkọ́ máa ń rí àwọ̀ kí a tó rí ìṣó.

Síbẹ̀ mi ò tíì gbà nípa àwọn ti àkọ́kọ́. Sienna àti páànù ń jà níbẹ̀. Kó àwọn tuntun síwájú.

BàbáFérémù kọ:

Ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n irin ṣì ń jẹ bébà. Fífọ̀ á dín in kù, kò ní pa á tán. Tó bá jẹ́ èmi, màá jẹ́ kí páànù tẹ bébà ọ̀tọ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì lágbára, lẹ́yìn náà màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. Tó bá wá jẹ lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ nìkan ló máa jẹ.

ÀǹtíAláró_Ìtòkú kọ:

Tàbí kó tẹ aṣọ funfun. Térù ń bẹ, ó ń gba ìpẹtà dáadáa. Ẹni tó bá ti sá aṣọ funfun sórí wáyà tó dípẹtà rí mọ̀ pé kì í lọ mọ́. Òun náà ń ya tó bá pẹ́, ṣùgbọ́n á jọ wà pẹ̀lú àdìrẹ tó wà lókè. Kí ìyá rẹ àgbà bá ọ rán an.

ỌmọÒkèMápó kọ:

Màmá! Mi ò ronú kan rírán rí. Ó sàn ju gúlúù lọ, kò sì ní le. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí bébà ìdánwò lálẹ́ àná: abẹ́rẹ́ ń lu bébà 300 gsm láìya, tí n kò bá jẹ́ kí ihò sún mọ́ra jù.

Mo tún ti rí olùkọ́ mi. Wọn ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà lórí wọ́tàkọ́lọ̀, àmọ́ nígbà tí mo to àwọn bébà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí òrùlé kan ń wọnú òrùlé kejì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá lè gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sára ògiri kan ṣoṣo kó di iṣẹ́ kan, àwọn ò ní dí mi lọ́wọ́. Kánfáàsì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ọ̀ṣun_Lọlà kọ:

Òfin tún ti pọ̀ sí i báyìí. Ẹ kú iṣẹ́ o.

BàbáFérémù kọ:

Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa tò mọ́ra, etí férémù gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi á pín Ìbàdàn yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Báwo ni bébà náà ṣe tó? Àti pé ibi tí aṣọ bá ti ga jù, báwo ló ṣe ga sí kúrò lójú bébà?

ỌmọÒkèMápó kọ:

Sẹ̀ǹtímítà 56 sí 76 ni bébà. Aṣọ náà, ibi tí mo ti ká etí rẹ̀ wọnú, ó ga tó mílímítà mẹ́rin.

BàbáFérémù kọ:

Àlàfo mílímítà mẹ́wàá la máa fi sí i. Kó wọn wá ní títẹ́jú, má ká wọn o.